Ilé Tí Mo Tà fún Jékọ́bù

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Modúpẹ́ mi, Àjọkẹ́ ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín,

Awakọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Kánò fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ láìjá a. Mo kà á fún màmá rẹ, mo sì tún lọ dá kà á ní ẹ̀yìnkùlé. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí mo ti ń wá ẹnu tí màá fi dá ọ lóhùn. Má bínú pé ó pẹ́. Ara mi le, kì í ṣe àìsàn. Orúkọ Kánò tó wà lórí ìwé rẹ ló dá mi dúró. Bí mo bá ti rí i báyìí, ọkàn mi á kúrò ní Ọ̀fà. Màá máa gbóòórùn ẹran tí wọ́n ń sun létí títì, ètè mi á gbẹ bí ẹni pé ọyẹ́ ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ níta.

O ní wọ́n ti gbé Gàbríẹ́lì ọkọ rẹ lọ sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́, pé ó ti ṣáájú lọ, ìwọ àti ọmọ ló kù sí Sabon Gari láti ta ilé kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Ọkọ rẹ ní kí o gbé e fún alágbàtà ilé, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní dìláálì níbẹ̀ yẹn. Ìwọ ní kí lo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dìláálì, nígbà tí Fẹlíṣíà ọ̀rẹ́ rẹ, tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ti ní òun á rà á. O ní làádà tí dìláálì máa gbà lórí ọjà náà, owó ẹni tó kàn rìn wọlé tó sì rìn jáde ni. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà fọwọ́ ara yín ta ilé wa fún Kàwú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọwọ́ ara mi tà á fún Jékọ́bù tí o ń pè ní Kàwú. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi máa gùn. Jókòó kí o tó máa kà á. Bí ọmọ bá ń sunkún, kọ́kọ́ fún un lọ́mú.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ra ilé náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé màmá rẹ níyàwó, mo sì ní ìsọ̀ kékeré nínú ọjà Sabon Gari tí mo ti ń ta abọ́ tánganran. Dìláálì àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Málàm Sáni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbé ohùn sókè. Òun ló mú wa lọ wo ilé náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó ará Ẹdẹ kan tó fẹ́ padà sílé. Yàrá mẹ́rin, àgbàlá gbòòrò, kànga kan, igi dóńgóyárò kan. Màmá rẹ kò tilẹ̀ tíì dé yàrá kejì tó ti ń sọ ibi tí òun máa gbé ìkòkò sí.

Ọgbọ́n orí mi wá sọ fún mi pé kí n yọ Málàm sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo mọ̀ pé ó ti lọ kírun, mo yọ́ lọ bá ìyá náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, Yorùbá ni wá. Ẹ jẹ́ ká ta á láàárín ara wa. Kí ni ti dìláálì nínú rẹ̀?"

Ìyá náà wò mí tìtì. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin yẹn ló mú ọ mọ ẹnu ọ̀nà mi. Bí o bá lè yọ òun sílẹ̀ lónìí, ọ̀la ni o máa yọ èmi náà sílẹ̀." Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi gbà kí n fojú kan òun. Málàm Sáni ló lọ bẹ̀ ẹ́ fún mi. Nígbà tó padà dé ìsọ̀ mi, kò bínú, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yaro, sauri ya haifi nawa." Ìwọ tó o gbọ́ Hausa jù mí lọ, o mọ̀ ọ́n: ọmọdé, kánjúkánjú ló ń bí ìdádúró.

Gba èyí ṣe ìmọ̀ràn kìíní. Bí o bá gbé ilé rẹ fún dìláálì, má ṣe gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá ẹni tó mú wá. Má sì gbé e fún dìláálì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa máa pè é káàkiri àdúgbò, àwọn èèyàn á sì máa rò pé ohun kan ń lé ọ jáde. Ìwé ilé kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpótí rẹ títí di ọjọ́ tí ẹ máa jọ lọ sí ọ́fíìsì láti yí orúkọ rẹ̀ padà. Wá àgbàlagbà láàárín wọn, ẹni tí o mọ ilé rẹ̀, tí o mọ ibi tó ti ń kírun. Ẹni tó ní orúkọ tó lè bàjẹ́ ni kó o wá.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì, kò sì yé mi títí ó fi pẹ́ jù.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dúnàádúrà ilé náà, gbogbo wa jókòó nínú àgbàlá. Mo ti fẹ́ lanu pe iye tí mo ní, Málàm bá gbọ́wọ́ sókè. Ó kọjú sí ìyá náà, ó ní, "Àléébù rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá ní kò ní àléébù.

Málàm kò dìde. Ó ní, "Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ilé ládùúgbò yìí. Mi ò tíì rí èyí tí kò ní. Ẹ sọ ọ́, ká lè kúrò níbẹ̀."

Ìyá náà yí ojú síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kànga yẹn máa ń gbẹ. Bí ooru bá ti mú gan-an, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tó oṣù méjì tí kì í sí omi nínú rẹ̀, àfi ẹrẹ̀.

Málàm yíjú sí mi. "O gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ó dára. Ẹ lè wá máa ná an báyìí."

Modúpẹ́, iṣẹ́ tí Málàm ṣe tó fi gba làádà rẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo rò pé owó tí mo fún un, ti ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

A ra ilé náà, ìyá sì dín owó rẹ̀ kù fún wa nítorí kànga. Inú rẹ̀ la bí ọ sí. Gbogbo ọdún, bí ooru bá ti mú, màá pe mẹ́rúwà tó ń pọn omi tà kó fi páànù rẹ̀ pọn omi kún àgbá ńlá méjì fún wa láàárọ̀ kùtùkùtù, kí àdúgbò tó jí. Àlejò bá dé, omi wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú ń tì mí pé kí wọ́n sọ pé ilé Bàbá Dúpẹ́ kò lómi. Ìgbéraga ọ̀dọ́ ni. Bó ṣe ń pẹ́, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé kànga yẹn ní àléébù kan.

Jékọ́bù wá. O rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé lo fi mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ni, ará Èjìgbò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Kánò tí mi ò mọ ẹnì kankan, lórí ẹní rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́rin. Kò bá màmá rẹ tan rárá, ìwọ lo gbọ́ tí àwọn ọmọ Hausa ń pe àbúrò ìyá wọn ní kàwú, tí o sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i ju oyè lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti Rúùtù ìyàwó rẹ̀ á yà sílé wa. Rúùtù á wọ ilé ìdáná lọ bá màmá rẹ. Jékọ́bù á yọ bàtà, á na ẹsẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, á gbé ọ lé orúnkún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ọ nípa ẹkùn tí òun bá pàdé ní Èjìgbò. Èmi á máa tú ẹran sísun látinú bébà, a óò jọ máa jẹ ẹ́. Mi ò rántí pé a sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì kan rí níbẹ̀. Mo ti dé Ọ̀fà, mo ti di àgbà nínú ìdílé, àwọn èèyàn ńláńlá ń bá mi sọ̀rọ̀ pàtàkì lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tí mi ò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan lábẹ́ igi yẹn.

O tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá mi kú tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí wálé. Èmi ni dáwódù, mi ò lè sọ pé mi ò wá. Láàárín òjò ni. Òjò ọdún yẹn pọ̀ ní Kánò, kànga wa kún tó bẹ́ẹ̀ tí okùn kúkúrú fi ń tó o.

Jékọ́bù ní, "Ta ló tún fẹ́ ra ilé yẹn bí kò ṣe èmi? Ilé tí mo ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi." Rúùtù ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ní Bompai lásìkò yẹn, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó sì gbajúmọ̀ níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Rúùtù wo àgbàlá wa, ó wo kànga, ó ní, "Omi nínú ilé! Ẹ ò rí i pé ọmọ Ọlọ́run ni mí."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ méjì péré ló wà láàárín èmi àti òun. Mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Málàm Sáni wá sí ìsọ̀ mi. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó jókòó. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń lọ. Mo ní mo ti rí ẹni tó máa ra ilé.

"Ta ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Málàm. A ò nílò dìláálì."

Ó ní, "Ọ̀rẹ́? Bó bá jẹ́ àjèjì ni, o lè ṣe é láìsí mi. Ti ọ̀rẹ́ yìí gan-an lo nílò mi fún."

Mo rò pé làádà ló ń wá. Mo fún un ní abọ́ tánganran kan tó ní òdòdó nínú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Màmá rẹ náà sọ ọ́. Ó ń di ẹrù lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kànga yẹn fún Jékọ́bù o."

Mo ní, "Ọdún mélòó ló ti ń mu omi inú rẹ̀? Ṣé kò mọ̀ ni?"

Ó ní, "Omi àgbá ló ń mu lásìkò ooru. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo ní màá sọ ọ́. Ní tòótọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo lọ bá Jékọ́bù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kó tó di pé mo lanu, ó sọ iye tó fẹ́ san fún mi. Iye náà ga ju ohun tí mo ní lọ́kàn lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí n rò pé òun fi ọ̀rẹ́ rẹ́ mi jẹ nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. Àgbà kan kò sí níbẹ̀ tó máa jókòó pa, tó máa béèrè pé àléébù rẹ̀ ńkọ́. Jékọ́bù kò béèrè, nítorí pé èmi ni. Èmi náà kò sọ, nítorí pé òun ni. Mo gba owó, a gbàdúrà, a dìde.

Ọjọ́ tí a ń lọ, Rúùtù fa ọ lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi gúgúrú kún àpò aṣọ rẹ. Màmá rẹ ń sunkún. Mo rò pé torí ìlú ló ṣe ń sunkún.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ooru mú, lẹ́tà Jékọ́bù dé. Kò gùn. Ó kí wa, ó béèrè rẹ. Ó wá kọ ọ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, kànga ti gbẹ. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fà á ya lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo wá sọ fún ara mi pé kí n ní sùúrù, òjò máa tó rọ̀, kànga á kún, ìbéèrè náà á sì parẹ́. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Jékọ́bù kò tún kọ̀wé sí mi mọ́.

Lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò ni mo ti ń gbọ́ ìyókù. Pé Rúùtù ní láti máa tò sídìí ẹ̀rọ omi ìjọba kó tó lè gbé ìkòkò kaná. Pé nígbà tó bá fi máa gbé oúnjẹ dé Bompai, fèrè iṣẹ́ ti dún. Ẹni tí fèrè bá dún fún kì í dúró de ìrẹsì. Obìnrin mìíràn gba àyè rẹ̀ lẹ́nu géètì. Owó tí Jékọ́bù fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ló fi gbẹ́ kànga náà jìn sí i, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Rúùtù wá di ẹni tó ń rìn lọ sí àdúgbò Yankaba ní gbogbo òwúrọ̀ láti dín àkàrà níwájú ilé ẹlòmíràn.

Nígbà tí o padà sí Kánò nílé ọkọ, o kọ̀wé pé o lọ kí wọn, pé Kàwú gbá ọ mọ́ra, ṣùgbọ́n Rúùtù kàn kí ọ ni, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. O bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo dá ọ lóhùn pé ogbó ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Dárí jì mí.

Mo ti pàdé Jékọ́bù lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Màmá rẹ nìkan ló mọ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni, nígbà tí mo lọ gba ẹrù ní téṣàn rélùwéè. Ọkọ̀ láti Kánò wọlé, mo sì ń wo ojú àwọn èèyàn bí mo ti máa ń ṣe, mo rí i lójú fèrèsé. Mo pariwo, "Jékọ́bù!"

Ó yíjú. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Ṣé bí ìwọ náà ṣe darúgbó nìyí?"

Mo sún mọ́ ọn. Ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn ní Èjìgbò, ibẹ̀ ni òun ń lọ. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ máa lò. Mo ní, "Jékọ́bù, mo mọ̀ pé kànga yẹn máa ń gbẹ kí n tó tà á fún ọ."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o kò fún mi lésì. Ẹni tí kò mọ̀ ì bá ti kọ̀wé pé, háà, ṣé ó gbẹ ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́, níbi tí gbogbo èrò ti ń wò wá. Ó na ọwọ́ jáde, ó di ọwọ́ mi mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì le bíi pákó. Ó ní, "Ká ní dìláálì ló tà á fún mi, ǹ bá bú u títí, ǹ bá sì ti gbàgbé rẹ̀. Ìwọ ni mi ò rí bú. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, màá jókòó sábẹ́ dóńgóyárò yẹn, mi ò ní mọ ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó ní, "Èmi ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń pọn omi nígbà náà."

Ọkọ̀ fọn. Mo tẹ̀ lé fèrèsé rẹ̀ títí tí ilẹ̀ téṣàn fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Àjọkẹ́ mi, ìlà kan wà nínú lẹ́tà rẹ. Ó ṣeé ṣe kí o má rántí pé o kọ ọ́. O ní, "Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni omi ń wọ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n Fẹlíṣíà á rí i fúnra rẹ̀ tó bá yá." Nígbà tí mo kà á débẹ̀, màmá rẹ gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà kò lè kà á síwájú.

Òjò kò tíì dé Kánò. Ògiri yàrá ẹ̀yìn yẹn á gbẹ, á mọ́ tónítóní báyìí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti fi ẹfun kùn ún. Fẹlíṣíà kò ní béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa kì í wo ògiri wa.

Nítorí náà, gbọ́. Bí o bá fẹ́ ta ilé náà fún àjèjì láti ọwọ́ ara rẹ, tà á, bí o bá lè farada kí gbogbo ayé máa wọ yàrá rẹ, kí wọ́n máa tú aṣọ fèrèsé. Àjèjì á fi ìka kan ògiri, á jiyàn, á bínú, ẹ ó parí ọjà, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Fẹlíṣíà ló máa rà á, wá dìláálì sí àárín yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Àwọn èèyàn rò pé torí àjèjì la ṣe ń wá alágbàtà. Èmi ní torí ọ̀rẹ́ ni. Jẹ́ kí òun béèrè ohun tí ojú ò ní jẹ́ kí ọ̀rẹ́ béèrè. Jẹ́ kí òun pe iye tí ẹnu yín kò lè pè. Bí inú bá máa bí ẹnì kan, kí ó bí i sí dìláálì, ohun tí làádà wà fún nìyẹn. Má ka làádà sí owó tí o pàdánù. Làádà tí mi ò san fún Málàm Sáni lọ́dún tí mo ta ilé, mi ò rántí ohun tí mo fi rà.

Bí Gàbríẹ́lì bá kánjú, tí kò sì sí àyè láti wá dìláálì tó dára, di ọwọ́ Fẹlíṣíà mú, kó o mú un wọ yàrá ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Fi ibi tí omi ń gbà wọlé hàn án. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ẹnu rẹ á wúwo, ìṣẹ́jú kan péré ni. Bí kò bá rà á mọ́, yóò ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, wàá sì rí i ní ìjókòó akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Ọ̀kan tó kéré: ohun tí o bá fẹ́ kó lọ, tètè kó o kúrò nínú ilé kí olùrà tó wá wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀kùn, ìkọ́ fìtílà, gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wò ó ti di tirẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Kí o sì sunkún dáadáa kí o tó tì í. Má ṣe bí tèmi, tí mo ń ṣe bí ọkùnrin lójú ọ̀nà. Ilé tí a kò sunkún jáde nínú rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ni.

Mo dúró níbí yìí lánàá. Màmá rẹ wọlé, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ti kọ ti Rúùtù síbẹ̀?" Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá ń kọ́ ọmọ láti ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì ṣe."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn láti àná. Ọdún méjì ti kọjá tí Jékọ́bù ti sọ fún mi, ní ojú fèrèsé ọkọ̀, ẹni tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀, mo sì padà sílé, mo jẹun alẹ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nìyí. Lọ sí Yankaba ní òwúrọ̀, kí àkàrà tó tán, má ṣe mú ẹnì kankan dání. Kúnlẹ̀ kí Rúùtù. Sọ fún un pé bàbá rẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé òun ló fẹ́ wá rí, kì í ṣe Jékọ́bù, kì í ṣe ilé. Má bá mi bẹ̀ ẹ́, má sì ṣàlàyé fún un. Bó bá ní kí n má wá, kọ̀wé sí mi kíákíá, màá dúró. Bó bá dákẹ́, tó kàn ń yí àkàrà rẹ̀ nínú epo, má ṣe kọ nǹkan kan. Mò ń bọ̀.

Bàbá rẹ tí àárò yín ń sọ.